Ìpín Bàbá Dúró

"Ẹ di ọwọ́ ara yín mú," Olùgbọ́ wí, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára wàláà tó tẹ́ sórí itan rẹ̀.

Àrìnpé na ọwọ́ òsì. Ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ lé e bí ẹni ń gbé ẹja tó ti rà sórí àwo. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tí ìjọba ti kó wọn gòkè wá sí Ilé Ìpadàbọ̀. Ìka kì í wọ àárín ìka. Ojú kì í wo ojú. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ dì í mú, torí bí tọkọtaya bá jáwọ́, Apínrù á dákẹ́, bí Apínrù bá sì dákẹ́, ọmọ nìkan ni yóò gbé ẹrù ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Apínrù ọ̀hún wà láàárín yàrá, dúdú, ó ń dán, ó rí bí ìkòkò ńlá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ń kùn bí oyin inú ihò igi. Àpótí ìjókòó mẹ́rin ló yí i ká. Dúrósinmí, àkọ́bí wọn, wà lórí ọ̀kan. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ṣùgbọ́n ó ti rù débi pé ẹ̀wù ń yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀, ẹ̀yìn etí rẹ̀ méjèèjì sì ti di àpá, níbi tó ti ń lẹ ìyẹ́, oògùn olóró, mọ́ ara títí àwọn ọlọ́pàá fi já a kúrò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àdùnọlá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, jókòó sórí ìkejì, ó ká ẹsẹ̀ jọ. Ìyá àti bàbá wà lórí méjì tó kù. Olùgbọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Fọlásayọ̀, jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn nínú aṣọ aláwọ̀ eérú tí gbogbo Olùgbọ́ ń wọ̀. Òun nìkan ni kò ní ìdè. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù ní in lọ́rùn ọwọ́, irin fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ṣeé bọ́ títí ìjọba yóò fi tú u.

"Dúró, ta lo fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò fẹ́ bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀."

"O gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan."

"Ògiri yẹn ńkọ́? Òun ló jọ ẹni tó ń gbọ́ jù níbí."

Òjèlabí, bàbá rẹ̀, pòṣé. "Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀? Ọmọ tí gbogbo wa ń torí ẹ̀ jìyà!"

Dúró rọra yíjú sí i. "Ìyà wo lẹ̀yin ń jẹ, Bàbá?"

"Ó tó," ni Olùgbọ́ wí. "A ti bẹ̀rẹ̀."

Ó fi ìka kan wàláà, ohùn Apínrù sì yí padà, ó nípọn, ó wá ń dún nínú àyà ènìyàn dípò etí.

Erìgì Àrìnpé ni oró náà kọ́kọ́ dé sí, bó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni òtútù wọ abẹ́ èékánná. Lẹ́yìn náà ni òǹgbẹ dé, kì í ṣe òǹgbẹ omi, òǹgbẹ nǹkan dídùn kan tí òun fúnra rẹ̀ kò tọ́ wò rí láyé, tí gbogbo ara rẹ̀ sì ń ké fún un bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ohun tí ìyẹ́ ń ṣe fún ẹni tó bá já a sílẹ̀ nìyẹn. Kí òfin tó dé, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ló ń dá a jẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì bẹ́ sínú àfonífojì Arómisá kí oró náà tó rọlẹ̀. Ìjọba wá ní ẹbí ló bí ọmọ, kí ẹbí bá a gbé e.

Àrìnpé mí kanlẹ̀. Ó ti ń mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo apá ibi tí Àdùnọlá wà. Ọmọ náà ti tẹ̀ síwájú, iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ yọ nínú ihò imú rẹ̀, ó kán sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì nù ún. Wọ́n ní ọgbọọgba ni ẹrù ń pín. Bó bá jẹ́ ọgbọọgba, kí ló dé tí ọmọ yìí fi rí bí ẹni tí wọ́n gbé ọlọ lé lórí?

Ìgbà yẹn ló ṣàkíyèsí ọwọ́ tó wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ ti rin gbindin fún òógùn. Ọwọ́ Òjèlabí gbẹ. Ó tutù, ó gbẹ, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì ń lọ jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó jẹun yó tó ń wá igi ìtayín. Àrìnpé wo ojú rẹ̀. Ojú ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní tiẹ̀: ó dijú pinpin, ó wa eyín pọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò mọ irọ́ pa.

Ó rọra yọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ sábẹ́ ìdè ọkọ rẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀. Ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀, bí awọ tó máa ń wà láàárín èèpo ẹyin àti ẹyin sísè. Etí rẹ̀ kan ti ṣí díẹ̀.

Òjèlabí la ojú, ó sì wò ó. Ó fún ìka ìyàwó rẹ̀ pọ̀ títí egungun fi dún.

"Bàbá," Olùgbọ́ ní, "kí lẹ̀ ń gbọ́ lára ọmọ yín?"

"Iná," ni Òjèlabí dáhùn, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n níbi tó yẹ kó ti gbọ̀n. "Iná inú egungun. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì. Mo ń mú un mọ́ra."

"Ẹ ṣeun. Àdùnọlá, ìwọ ńkọ́?"

Ọmọ náà tún tẹ̀ síwájú sí i.

Olùgbọ́ wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọjú sí Àrìnpé. Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀, kò sì sí àánú. "Màmá, ẹ jẹ́ n sòótọ́ fún yín. Ọmọbìnrin yín ti fẹ́ ṣubú. Bí ẹnì kan bá sì ṣubú nídìí Apínrù, ìdílé ti ṣubú nìyẹn. Ẹ mọ ibi tí Dúró ń lọ."

"Ilé Àdágbé," Dúró fúnra rẹ̀ dáhùn, bí ẹni ń dárúkọ ibùdókọ̀ tó kàn.

"Ilé Àdágbé," ni Olùgbọ́ tún un wí, ó sì pa Apínrù.

* * *

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ funfun ti wà lẹ́nu géètì. Àwọn kọ́ ló wá fún. Yàrá kejì ló wá fún. Àwọn ọkùnrin méjì gbé ọmọkùnrin kan láàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, kò jà, kò ké. Ìyá rẹ̀ ló ń ké. Ọkọ rẹ̀ ló sì ń ké mọ́.

"Ìwọ lo ṣe é! Ìwọ lo lọ ra awọ sábẹ́ ìdè! Wọ́n kìlọ̀ fún ọ, wọ́n ní baba tó bá sá, ilé ti tú! Ọmọ mi! Wọ́n ò ní í dá a padà bó ṣe wà, òfìfo ara ni wọ́n ń dá padà láti Ilé Àdágbé!"

Ọkọ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn bí àpò tí wọ́n sọ kalẹ̀. Olùgbọ́ tiwọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, dúró tì í, ó fi ìka méjì di nǹkan kan mú sókè sí oòrùn. Ó fẹ́lẹ́, ó ń tàn bí ìpẹ́ ẹja.

Òjèlabí fa apá ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ bo ọwọ́. Àrìnpé rí i. Ó di etí ẹ̀wù náà mú, ó sì fà á lọ sẹ́yìn táǹkì omi, níbi tí ẹnì kankan kò ti lè gbọ́ wọn.

"Ẹ yọ ọ́."

"Kí ni kí n yọ?"

"Bàbá Dúró, ẹ yọ ọ́ kí n tó pariwo."

Òjèlabí wẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Ta ló tún mọ̀?"

Àrìnpé rẹ́rìn-ín kan tí kò ní ẹ̀rín nínú. "Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú ọmọ yín, ta ló tún mọ̀ lẹ̀ ń bèèrè."

"Rẹ ohùn ẹ sílẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kejì." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fúnni ní ìwé ìrìnnà, kò tijú. "Fetí sílẹ̀, Àrìnpé. Lẹ́yìn ìjókòó ọ̀sán yìí, mo ń lọ wa ọkọ̀ okùn. Èrò inú ẹ̀ á kún fọ́fọ́, aláboyún, àgbàlagbà, ọmọ iléèwé, láti Òkè Arómisá dé Òkè Ìgbàlà, àfonífojì ló sì wà lábẹ́ wọn. Ọwọ́ mi ló ń dá a dúró bí ìjì bá dé. O fẹ́ kí ọwọ́ náà máa gbọ̀n?"

"Ẹ sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ẹ wà nínú ìdè. Òfin gbà yín láàyè."

"Kí wọ́n gbé ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́! Kí àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ máa fò kọjá lórí mi, kí n máa gbálẹ̀ ibùdó!" Itọ́ ta jáde lẹ́nu rẹ̀. "Nítorí kí ni? Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí? Mo rán an? Ọ̀rẹ́ ló bá rìn, adùn ló wá lọ, ó sì jẹ adùn náà yó. Kó jẹ kíkorò ẹ̀."

"Ṣé Àdùn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí?"

Òjèlabí yíjú sí táǹkì.

"Mo ní ṣé Àdùnọlá ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn? Torí òun ló ń jẹ ìpín yín. Èmi ń jẹ tèmi, mo sì ń jẹ ìdajì tiyín, mi ò rojọ́. Ìdajì yòókù, ọrùn ọmọ yẹn ló wà."

"Ọmọdé ni. Ara ọmọdé máa ń tètè bọ̀ sípò."

Ọwọ́ Àrìnpé gbéra kí ó tó mọ̀. Ó dá a dúró lófuurufú. Òjèlabí wo ọwọ́ náà, ó wo obìnrin tó ni ín, ẹnu rẹ̀ sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ló dé? Gbá mi. Tàbí kó o kúkú lọ pe Olùgbọ́." Ó fi àgbọ̀n júwe géètì. "Ọkọ̀ funfun ò tíì lọ. Lọ sọ fún wọn pé ọkọ ẹ fi awọ sábẹ́ ìdè. Ọmọ ẹ á dé Ilé Àdágbé kí oòrùn tó wọ̀. Lọ."

Ó dúró kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó rí i pé kò lè lọ, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ tò, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àrìnpé fara ti táǹkì. Omi inú rẹ̀ tutù dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé Dúró. Bí òun bá dákẹ́, Àdùn á ṣubú, wọ́n á sì gbé Dúró náà. Àtisọ̀rọ̀ àti àìsọ̀rọ̀, ibi kan náà ni wọ́n ń já sí, ọkùnrin yẹn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó lè máa rìn bí ẹni tó ń lọ síbi ìsinmi.

Nígbà tó padà sínú yàrá wọn, Àdùn ti sùn lórí ẹní pẹ̀lú òwú nínú imú. Dúró jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ ti rí i," ni Dúró wí.

"Kí ni mo rí?"

"Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹni tí wọ́n ń bá gbẹ́rù máa ń mọ ọwọ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Mo mọ ọwọ́ yín. Ẹ máa ń gbé e wọ̀ǹ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni gbé garawa. Mo mọ ti Àdùn, ó máa ń gbọ̀n. Ti bàbá, afẹ́fẹ́ ni. Ó wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fún ìgbà díẹ̀. Látìgbà yẹn, afẹ́fẹ́."

"O mọ̀, o ò sì sọ?"

"Kí n sọ fún ta? Fún Fọlásayọ̀? Kí wọ́n lè tètè gbé mi?" Ó gbé ojú rẹ̀ sókè, ojú pípọ́n, ìkórìíra wà níbẹ̀, kò sì hàn bóyá ìyá ni, bóyá bàbá ni, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló kórìíra. "Tàbí kí n sọ fún yín, kẹ́ ẹ sunkún? Ẹ má sunkún. Bẹ́ ẹ bá ti ń sunkún, ó máa ń dé ọ̀dọ̀ mi gba inú ìdè, ó sì máa ń bí mi nínú."

Àrìnpé nu ojú nù. "Kò sẹ́ni tó ń sunkún," ló wí.

* * *

Agogo ọ̀sán dún. Wọ́n yí Apínrù ká.

Olùgbọ́ Fọlásayọ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé, nígbà tó sì wọlé, kò jókòó síbi tó máa ń jókòó. Ó gbé àpótí rẹ̀ wá sítòsí, ojú rẹ̀ le. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá kejì ti kan gbogbo àwọn Olùgbọ́. Wọ́n ti bá wọn wí.

"Ẹ di ọwọ́ ara yín mú."

Òjèlabí na ọwọ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bó ti ń nà án, ìwò ẹni tó mọ̀ pé òun ti so ajá mọ́lẹ̀. Àrìnpé gba ọwọ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kì ìka rẹ̀ sáàárín ìka ọkọ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tì í pa bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Ìgbéyàwó wọn ti tó ogún ọdún, ó sì ti pẹ́ tó ti dì í mú báyẹn. Òjèlabí fẹ́ fà á yọ. Kò rí i yọ. Olùgbọ́ ń wò wọ́n.

Apínrù yí ohùn padà. Erìgì. Èékánná. Òǹgbẹ.

Lódìkejì, Àdùn ti ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àrìnpé ki èékánná àtàǹpàkò bọ abẹ́ ìdè. Ó rí etí awọ náà tó ṣí. Òjèlabí fi ìka tirẹ̀ fún un mọ́lẹ̀, ó fún un débi pé omijé bọ́ lójú obìnrin náà, ṣùgbọ́n èékánná ti wọlé. Ó fà á. Awọ náà lẹ̀ mọ́ ara bí àlẹ̀mọ́ egbò tó ti pẹ́. Ó tún fà á. Ó ya kúrò pẹ̀lú irun ọwọ́, ó sì bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, gbígbóná, bí ohun ẹlẹ́mìí.

Ìpín Òjèlabí dé bá a lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò ké. Kò lè ké. Ìdí rẹ̀ gbéra kúrò lórí àpótí, ó sì tún balẹ̀, ìró kan jáde nínú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bíi ti màlúù tí wọ́n ti dì lẹ́nu. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ lójijì. Ọwọ́ tó gbẹ láàárọ̀ wá ń lu bí ẹyẹ inú pàkúté. Lódìkejì Apínrù, Àdùnọlá mí sínú, èémí gígùn kan tó dún bí ẹni tó yọrí jáde lábẹ́ omi, ó sì jókòó tààrà.

Dúró gbé orí sókè kíá. "Ta nìyẹn?" ló bú jáde.

Olùgbọ́ yíjú sí i. "Ta ni ta?"

Dúró wo ìyá rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ètè rẹ̀ ti funfun. Ojú ọmọ náà yí padà, ó le koko, ó sì pòṣé gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀.

"Mo ní ta ló ń mí bíi ẹlẹ́dẹ̀ báyẹn? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dákẹ́, wọ́n ń dí mi létí."

Olùgbọ́ ti dìde. Àrìnpé gbé ọwọ́ ọ̀tún sójú bí ẹni fẹ́ nu òógùn. Ó ti fi ọwọ́ yẹn gba awọ náà kúrò ní òsì, ó sì fi í sábẹ́ ahọ́n. Ó ní adùn irin, ó ní iyọ̀ ara ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ na ọwọ́ yín."

Òjèlabí na èyí tó wà nínú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Olùgbọ́ gbé ìdè sókè pẹ̀lú ìka méjì, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ara ibẹ̀ pọ́n, ó bó, irun kò sí níbẹ̀.

"Kí ló ṣe ibí yìí?"

Àrìnpé kò wo ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù. Bó bá wu Òjèlabí, ó lè ní, ẹ bi ìyàwó mi. Ó lè fa ìdè yẹn, kí ó ké, kí gbogbo rẹ̀ tú, kí oró náà sì kúrò lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yìí gan-an. Ọmọ á lọ, ṣùgbọ́n ara á tù ú. Ó gbọ́ bí eyín rẹ̀ ti ń lu ara wọn.

"Ó... ó ń yún mi," ni Òjèlabí wí níkẹyìn. "Òógùn ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń yún mi."

"Màmá, ẹ ṣí ọwọ́ yín méjèèjì. Ẹ má jáwọ́ o, ẹ kàn ṣí i díẹ̀."

Ó ṣí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ èékánná.

"Kí ni ẹ̀jẹ̀ yìí?"

Ó ní láti la ẹnu kó tó lè dáhùn. Àrìnpé gbé awọ náà mì. Ó há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bì í, ó tún gbé e mì pẹ̀lú itọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Mo ya á léèékánná ni," ló wí. "Èmi àti bàbá wọn kò fẹ́ràn ara wa, Olùgbọ́. Bó bá di pé kí á di ọwọ́ mú, a máa ń ṣe ara wa léṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá wù yín."

Fọlásayọ̀ wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó padà lọ jókòó. Ṣùgbọ́n kò pa Apínrù nígbà tó yẹ kó pa á. Ó fi ọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo Òjèlabí, ó sì jẹ́ kó máa lọ.

Ó ń lọ. Òjèlabí bu ètè jẹ títí ètè fi là. Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ìyàwó rẹ̀, bó bá jẹ́ pé ojú ń pànìyàn ni, Àrìnpé ì bá ti kú níbẹ̀. Òun náà tẹjú mọ́ ọn. Wọn kò fi ọwọ́ ara wọn sílẹ̀.

Nígbà tó yá, Olùgbọ́ fi ìka kan wàláà. Ohùn Apínrù rọlẹ̀.

"Ìpín pé," ló wí, ó sì jọ pé inú rẹ̀ kò dùn sí i. "Ìrọ̀lẹ́ la ó tún pàdé."

Ilẹ̀kùn kò tíì pa tán lẹ́yìn rẹ̀ tí Òjèlabí fi sáré dé ojú fèrèsé, ó sì bì síta. Ó bì títí kò fi sí nǹkan kan mọ́ tó lè jáde. Lẹ́yìn náà, ó yíjú padà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, níwájú àwọn ọmọ.

"Ọjọ́ tí wọ́n bá tú ìdè yìí, Àrìnpé, ọjọ́ náà ni mo kọ̀ ọ́. O ò ní í mọ ibi tí mo wọlẹ̀ sí. Jẹ́ kó yé ọ."

"Ó ti yé mi."

"Mi ò ní í dárí jì ọ́ láyé."

"Mi ò bẹ̀ yín kẹ́ ẹ dárí jì mí. Ẹ ṣáà gbé e."

Ó wò ó bí ẹni tó fẹ́ tutọ́, kò tu ú. Ó fa ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ yọ lápò, ó gbìyànjú, ìka rẹ̀ kò lè tẹ orúkọ tó ń wá, ó sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àdùnọlá ló dìde, ó mú un nílẹ̀, ó bá a tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí i létí.

"Ẹ fi ẹlòmíràn sórí ọkọ̀ okùn lónìí," Òjèlabí wí sínú rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n bi í. Ó dijú. "Nítorí mo wà nínú ìdè. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi ni. Ẹ fi ẹlòmíràn sí i."

Ó jáde. Kò sí ibi tó lè lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di apá mọ́ra. Lókè réré, ọkọ̀ okùn kan ń fò kọjá láàárín òkè méjì, ó kún fún èrò, ẹlòmíràn ló ń wà á.

Àrìnpé bu ìrẹsì fún Àdùn. Ọmọ náà jẹ ẹ́, ó tún béèrè. Ìyá wò ó títí ó fi jẹun tán tó dùbúlẹ̀, ìgbà náà ló tó gbójú sókè tó rí i pé Dúró kò sí nínú yàrá.

Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Dúró ti jókòó sórí àtẹ̀gùn kan náà, ó jìnnà sí bàbá rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i díẹ̀. Ó jọ pé wọ́n ti wà báyẹn fún ìgbà pípẹ́.

"Má sún mọ́ mi," ni Òjèlabí ń wí.

"Mi ò sún mọ́ yín."

"Kí lo wá ṣe níbí?"

Dúró ń wo ilẹ̀. "Ti ọ̀sán ò tíì le. Ti ìrọ̀lẹ́ ló le jù."

"Ta ló bi ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí." Ó fi ẹsẹ̀ ta òkúta kan. "Ẹ ń wa eyín pọ̀. Mo gbọ́ ọ. Bẹ́ ẹ bá wa eyín pọ̀ báyẹn nírọ̀lẹ́, á gun orí yín lọ, ẹ ò sì ní lè ríran. Ẹ fi ẹnu sílẹ̀ kó ṣí díẹ̀. Kí ahọ́n yín dùbúlẹ̀."

Afẹ́fẹ́ fẹ́ láti inú àfonífojì, ó gbé eruku kọjá lórí ẹsẹ̀ wọn.

"Ṣí i báwo?" ni Òjèlabí wí, ohùn rẹ̀ korò bí ewúro.

Dúró yíjú sí i, ó sì la ẹnu díẹ̀, ó fi hàn án. Òjèlabí tẹjú mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo ìbínú tó wà nínú ara rẹ̀, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, àgbọ̀n rẹ̀ tú sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà, ẹnu rẹ̀ sì ṣí.

"Ẹ tún ṣí i díẹ̀ sí i," ni ọmọ náà wí.

"Kúrò lójú mi," ni bàbá dáhùn. Ó tún ṣí i díẹ̀ sí i.

Dúró kò kúrò. Àrìnpé dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jáde lọ bá wọn, kò sì pè wọ́n wọlé.